Báwo ni a ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ onímọ̀ tó ń wádìí ara kòkòrò? Ìgbìmọ̀ wa nílò ìmọ̀ràn

Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, mo sì kí ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sí ẹ̀yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣe iṣẹ́ yunifásítì, ẹ sì mọ ohun tí àwa tí a wà nílé kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti parí yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí a kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ girama wa, a sì ti fẹnu kò pé orúkọ ọmọ ìlú kan tó ti ṣe iṣẹ́ ribiribi nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni a ó fi sọ ọ́. Ẹni méjì ló kù nínú àwọn tí a dárúkọ. Ọ̀kan jẹ́ oníṣègùn tó ń ṣe ìwádìí àrùn ọkàn ní òkè òkun. Èkejì jẹ́ obìnrin kan tó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ wa níhìn-ín, níbi tó ti ń wádìí bí ara kòkòrò ṣe ń ṣiṣẹ́: bí tata ṣe ń dàgbà, ohun tó ń mú un bọ́ awọ, bó ṣe ń fi omi pamọ́ sára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti bí ẹyin rẹ̀ ṣe ń fara da ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ jáde, ó ṣí ojú ewé àwọn méjèèjì lórí Google Scholar, ibi tí a ti ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi hàn wá pé iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ oníṣègùn náà pọ̀ ju ti obìnrin yìí lọ fíìfíì, àti pé nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní h-index, èyí tí obìnrin náà ní kò tó ìdajì ti oníṣègùn. Ó ní ẹjọ́ ti dá, kí a má fi àsìkò ṣòfò mọ́. Àwọn kan gbà fún un lójú ẹsẹ̀. Ọkàn tèmi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí tí mo lè gbé kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ṣé lóòótọ́ ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè sọ fún wa ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tóbi jù? Kí ni ó ń kà gan-an, kí sì ni kò lè kà? Tí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ yìí, kí ni ẹ̀ bá yẹ̀ wò? N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, nítorí wọn kò mọ̀ pé à ń jíròrò nípa wọn.

Olùtọ́jú Ìwé, Lọ́kọ́jà

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí sì wà lára ohun tí àwọn olùkọ́ ń bi wá jù lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí onímọ̀ kan bá kọ àpilẹ̀kọ sínú jọ́nà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ àbájáde ìwádìí sí, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ tí ó gbé tirẹ̀ lé. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ báyìí, ìtọ́kasí kan nìyẹn. Ní ọdún 1955, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eugene Garfield kọ̀wé sínú jọ́nà Science pé ó yẹ kí a ní ìwé atọ́ka kan tí yóò máa fi hàn wá ibi tí wọ́n ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ni ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1873 ni àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ti ní ìwé Shepard, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìdájọ́ àtijọ́ kan ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tàbí ilé ẹjọ́ mìíràn ti yí i padà. Ìwé atọ́ka Garfield, Science Citation Index, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1964. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ ṣe é ni kí olùwádìí lè tọpasẹ̀ èrò kan láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìgbà tó yá ni àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í díwọ̀n ènìyàn.

Ní ti h-index, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní San Diego, ni ó gbé e jáde ní 2005. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Ẹ to àwọn àpilẹ̀kọ ẹni náà láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù dé orí èyí tí tirẹ̀ kéré jù. Ká ní àpilẹ̀kọ méje ni ó ní, tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 40, 22, 9, 6, 5, 2 àti 1. Márùn-ún ni ó ní ìtọ́kasí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní mẹ́fà, nítorí náà h-index rẹ̀ jẹ́ 5. Ẹ wá wò ó: ká ní àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ yẹn yí ìmọ̀ ayé padà, tí ìtọ́kasí rẹ̀ sì di 4,000 dípò 40, 5 náà ni h-index rẹ̀ yóò ṣì jẹ́. Nọ́ńbà yìí kì í wálẹ̀ láé, kódà bí ẹni náà kò bá kọ ohunkóhun mọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Hirsch fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ tó fi gbé e jáde pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè ju àfojúbù lọ nípa ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ojú.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín yẹ̀ wò kí ẹ tó gba ojú ewé yẹn gbọ́. Èkíní ni ibi tí a ti kà á. Google Scholar, Scopus àti Web of Science, àwọn ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí, kì í fún ènìyàn kan náà ní iye kan náà, nítorí pé Google Scholar ń ka ìwé àṣekágbá àti ìròyìn ìwádìí pẹ̀lú àwọn jọ́nà, nígbà tí àwọn méjì yòókù ń ṣa jọ́nà tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà kò sí nínú àwọn méjì yẹn rárá. African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ti gbé púpọ̀ nínú jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ àwọn ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní 1975 tàbí 1985 ṣì wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé níbi tí ẹ̀rọ kò lè dé. Bí ẹ̀rọ kò bá rí àpilẹ̀kọ, kò lè rí ìtọ́kasí tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni orúkọ. Ẹ sọ pé obìnrin ni. Ṣé orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó fi kọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá fi orúkọ ọkọ rẹ̀ kọ èyí tó tẹ̀ lé e? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú ewé tí wọ́n fi hàn yín jẹ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀ péré. Àwọn orúkọ wa tún máa ń kó ẹ̀rọ sí ìdààmú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn jẹ́ O tàbí A, tí orúkọ ìdílé wọn sì bára mu. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ ORCID sílẹ̀ ní 2012, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń kọ̀wé ṣáájú ìgbà yẹn ní láti padà lọ so iṣẹ́ wọn àtijọ́ mọ́ ọn fúnra wọn, ọ̀pọ̀ kò sì tíì ṣe é.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Kàbà

Mo kí akọ̀wé, mo sì kí olùtọ́jú ìwé tó ti la ọ̀nà fún wa. Ìmọ̀ nípa kòkòrò ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Fífi ìtọ́kasí oníṣègùn ọkàn wé ti ẹni tó ń wádìí ara tata kò tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Iye àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan wà lára ohun tó ń pinnu iye ìtọ́kasí tí iṣẹ́ kan lè rí. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí àrùn ọkàn jákèjádò ayé pọ̀ bí eèrà, àwọn tó ń kọ̀wé lórí bí tata ṣe ń bọ́ awọ kò tó nǹkan. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó máa ń fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ kan, ìtọ́kasí tí àpilẹ̀kọ náà bá sì gbà, gbogbo wọn ni a ó kà á fún lódindi. Nínú iṣẹ́ tiwa, olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń jókòó ti iṣẹ́ náà.

Ìtọ́kasí tó pọ̀ gan-an pàápàá kò túmọ̀ sí àwárí ńlá. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n tíì tọ́ka sí jù lọ nínú gbogbo ìwé sáyẹ́ǹsì ni ti Oliver Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 1951, lórí bí a ṣe ń wọn iye purotéènì tó wà nínú omi. Nígbà tí jọ́nà Nature ṣe àkójọ rẹ̀ ní 2014, ìtọ́kasí rẹ̀ ti ju 305,000 lọ. Àwa náà tí à ń wọn purotéènì nínú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò ti tọ́ka sí i. Iṣẹ́ náà wúlò lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwọ̀n nǹkan ni; kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó ju àwọn àwárí tó fi ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ìṣẹ̀dá hàn wá lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ ńlá ṣe ń rí nínú ẹ̀ka yìí. Vincent Wigglesworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1899 tó sì kú ní 1994, ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí bàbá ìmọ̀ yìí. Ìwé rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ bí ara kòkòrò ṣe ń ṣiṣẹ́ jáde ní 1939, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún sì ni àpilẹ̀kọ tó kọ ní ayé rẹ̀. Kòkòrò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Rhodnius, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti ẹranko, ni ó fi ṣe èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Rhodnius máa ń mu ẹ̀jẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó ṣeé fojú sọ́nà fún, yóò bọ́ awọ. Wigglesworth gé orí àwọn kan láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ tán, ó sì gé orí àwọn mìíràn ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Àwọn tó tètè gé lórí kò bọ́ awọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà láàyè láìlórí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó pẹ́ kó tó gé lórí bọ́ awọ wọn bó ti yẹ. Ó wá fi ìda so kòkòrò méjì tí kò lórí pọ̀ ní ọrùn, ọ̀kan nínú àwọn tó tètè gé pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa ṣàn wọ inú ara wọn. Àwọn méjèèjì bọ́ awọ. Báyìí ni ó ṣe fi hàn, nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde ní 1934, pé ohun kan ń ti orí wá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń pàṣẹ fún ara pé ó tó àkókò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Butenandt àti Karlson ní Jámánì, ní 1954, kó ìwọ̀n 500 kìlógíráàmù kòkòrò sílíìkì tó wà nínú ìdì rẹ̀ jọ, tí wọ́n sì fa mílígíráàmù 25 péré nínú họ́mọ̀nù tó ń mú kòkòrò bọ́ awọ jáde láti inú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò tó ń da ìbọ́-awọ rú láìpa oyin tàbí ẹja bí àwọn oògùn àtijọ́ ti ń pa wọ́n, orí ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé e lé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ lónìí kì í tọ́ka sí Wigglesworth mọ́, nítorí pé ohun tó rí ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nígbà tí àwárí kan bá ti wọ inú ìwé tí àwọn ọmọ girama ń kà, ìtọ́kasí rẹ̀ a dín kù dípò kí ó pọ̀ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Wigglesworth ní Cambridge ni Thomas Odhiambo ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ẹni tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín ronú lé dáadáa. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ dá lórí eṣú aṣálẹ̀, lórí kókó kékeré kan lẹ́yìn ọpọlọ eṣú tó ń tú họ́mọ̀nù jáde, àti bí họ́mọ̀nù yìí ṣe ń sọ akọ eṣú di àgbà. Iṣẹ́ tó jinlẹ̀ ni, ó sì lè máa bá a lọ báyìí títí, kí ìtọ́kasí rẹ̀ máa ga sí i. Ohun tó ṣe dípò bẹ́ẹ̀ ni pé ó padà sílé, ó sì dá ibùdó ìwádìí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní ICIPE sílẹ̀ ní Nairobi ní 1970, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti lè kọ́ ìmọ̀ yìí dé òkè téńté láìkúrò ní ilẹ̀ wọn. Ní 1985 ó wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Áfíríkà sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ibùdó yẹn ni àwọn olùwádìí ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀nà kan láti dáàbò bo àgbàdo: wọ́n ń gbin ewéko kan sí àárín àgbàdo tó ń lé kòkòrò abẹ́nú-igi-àgbàdo lọ, wọ́n sì ń gbin koríko mìíràn sí etí oko tó ń fà á mọ́ra. Ẹ wá Odhiambo lórí ẹ̀rọ, ẹ ó rí àpilẹ̀kọ rẹ̀ àti ìtọ́kasí wọn. Ẹ kò ní rí àìmọye ọ̀mọ̀wé tó gba ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí wọlé.

Ohun kan tún kù tí n kò lè ṣàì sọ, nítorí pé ó kan irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Yàgbà àti Búnú mọ àwọn òkè àpáta wa, ẹ sì mọ àwọn kòtò orí wọn tí omi òjò máa ń dúró sí fún ọjọ́ díẹ̀ kí oòrùn tó fà á gbẹ. Nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti rí ìdin kòkòrò kékeré kan tó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹni. Howard Hinton ti Yunifásítì Bristol kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1951, ó sì sọ ọ́ ní Polypedilum vanderplanki, ní orúkọ Vanderplank tó bá a wá a rí. Bí kòtò náà bá gbẹ, ìdin yìí a gbẹ pẹ̀lú rẹ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi ku bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní mí, kò ní jẹun. Bí òjò bá dé, a jí láàárín wákàtí díẹ̀. Ní 1960 Hinton fi hàn nínú Nature pé nígbà tó bá gbẹ báyìí, ó lè fara da òtútù tó dé −270 àti ooru tó dé 102 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n tọ́jú ní gbígbẹ fún ọdún mẹ́tàdínlógún ṣì jí. Nígbà tó di 2002, Watanabe, Kikawada, Okuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Japan fi hàn pé ìdin náà lè gbẹ kí ó sì tún jí bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ọpọlọ rẹ̀ kúrò, nítorí pé kò dúró de àṣẹ láti orí bíi ti Rhodnius; sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ni ó ń mọ̀ pé ọ̀dá ti dé, tí ó sì ń ṣe ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalose tó ń dáàbò bò ó. Ní 2014 wọ́n ka gbogbo jíìnì rẹ̀, àwọn tó ń wá ọ̀nà láti tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àti sẹ́ẹ̀lì láìlo fíríjì sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Láti 1960 sí 2002 ju ogójì ọdún lọ. Bí ìgbìmọ̀ kan bá jókòó ní 1970 láti fi ìtọ́kasí díwọ̀n iṣẹ́ Hinton lórí ìdin yìí, kí ni wọn ì bá rí?

Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, Ìsánlú

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, Olódùmarè yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Olùtọ́jú ìwé náà, mo dúpẹ́. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ìdílé obìnrin náà: lóòótọ́, orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó fi kọ gbogbo iṣẹ́ tó ṣe kí ó tó lọ́kọ, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn lórí ojú ewé tí wọ́n fi hàn wá.

Àwọn tó wà ní ìhà kejì ní ọ̀rọ̀ méjì mìíràn. Wọ́n ní jọ́nà tí oníṣègùn yẹn ń kọ̀wé sí ní ohun tí wọ́n ń pè ní impact factor tó ga, ti obìnrin yìí kò sì ga. Wọ́n tún ní bí a bá ní kí a má ka nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni lè gbé ìwé jánkàn-jànkàn wá kí ó ní onímọ̀ ni òun. Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ní Zaria

Ẹ̀yin bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo wà lẹ́nu ìwádìí lọ́wọ́ lórí kòkòrò tó ń ba ẹ̀wà jẹ́ nínú àpò, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ń kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Jọ́nà ni impact factor ń díwọ̀n, kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n ń ka iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka, nínú ọdún kan, sí ohun tí jọ́nà náà tẹ̀ jáde ní ọdún méjì tó ṣáájú, wọn a sì fi iye àpilẹ̀kọ pín in. Nínú ọdún méjì yẹn, ìmọ̀ ìṣègùn ti sáré yíká. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó ka àpilẹ̀kọ mi lónìí lè nílò àkókò òjò méjì kí ó tó rí kòkòrò tí yóò fi dán an wò. Journal of Insect Physiology, tó ti wà láti 1957, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó níyì jù ní ẹ̀ka yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ jọ́nà ìṣègùn ńlá, yóò dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ tó pàdé ní San Francisco ní òpin ọdún 2012 fi kọ ìkéde kan, tí wọ́n ń pè ní DORA, pé kí àwọn aláṣẹ yé fi impact factor jọ́nà ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé àwọn tó wà ní ìhà kejì ń ṣàròyé lásán, nítorí pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wà. Àwọn jọ́nà kan wà tó jẹ́ pé owó nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní àpilẹ̀kọ náà yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì lówó lè ní ogún àpilẹ̀kọ nínú ọdún kan. Àwọn mìíràn máa ń gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí iye rẹ̀ lè pọ̀, tàbí kí wọ́n máa tọ́ka sí ara wọn láti ojú ewé dé ojú ewé. Ohun tó ń tú àṣírí irú èyí ni kíka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ nọ́ńbà dandan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àkójọ tí John Ioannidis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2019, nítorí pé ó pín àwọn onímọ̀ sí ẹ̀ka, tó fi jẹ́ pé onímọ̀ kòkòrò ni wọ́n ń fi wé onímọ̀ kòkòrò. Ó ń yọ ìtọ́kasí tí ènìyàn ṣe sí ara rẹ̀ kúrò, ó sì ń wò bóyá ẹni náà ni ó ṣíwájú nínú àwọn tó kọ ọ́ tàbí ó kàn wà láàárín. Bí orúkọ obìnrin náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí sí i, nítorí pé orí Scopus ni wọ́n gbé àkójọ náà lé, a sì ti gbọ́ ohun tí olùtọ́jú ìwé sọ nípa jọ́nà ilẹ̀ wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún béèrè pé ta ni iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe láǹfààní. Àwọn kan wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn máa ń dédé ṣàìdúró, tí ara wọn ń gbọ̀n, ní àkókò òjò nìkan. Nínú jọ́nà Lancet ní 1993, Bọ́lá Adámọ́lékùn so àìsàn náà mọ́ jíjẹ kòkòrò Anaphe, èyí tí a ń rí òwú sányán lára ìdì rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé fítámì B1 ń wò ó, ní 2000 sì ni àwọn olùwádìí láti Japan rí ẹ́ńsáìmù inú kòkòrò náà tó ń ba fítámì yẹn jẹ́. Ìdílé tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n dẹ́kun jíjẹ kòkòrò yẹn kò ní kọ àpilẹ̀kọ tí wọ́n yóò fi tọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

Òṣìṣẹ́ Àgbẹ̀, Ìyàrá

Mo kí gbogbo yín. Oko ni èmi máa ń wà, n kì í ka jọ́nà, ṣùgbọ́n ìwádìí ara tata tí ẹ ń sọ yìí, mo mọ ibi tó já sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kọ́ wa pé abo tata máa ń kó ara wọn jọ síbi kan ṣoṣo láti yé ẹyin sínú ilẹ̀, lábẹ́ ìbòòji, ní pàtàkì níbi tí ewé Akíntọ́lá bá ti pọ̀, àti pé ẹyin tí wọ́n yé sílẹ̀ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lè wà nínú ilẹ̀ títí òjò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó pa. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó bá sàmì sí ibi tí wọ́n kó jọ sí, tó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ tó ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sísàlẹ̀, tó sì jẹ́ kí oòrùn pa ẹyin náà, ti gba ẹ̀gẹ́ ọdún tó ń bọ̀ là láìra oògùn. Ẹyin náà máa ń so pọ̀ nínú ìfófòó tó ti gbẹ, ó rí bí ẹ̀pà tí wọn kò tíì bó. Bí ọkọ́ bá kàn án, ẹ ó mọ̀. Mo ti fi í han àwọn àgbẹ̀ láti Ìyàrá dé Èkìnrìn-Àdé. Ẹnìkan ni ó jókòó ti kòkòrò yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó mọ èyí, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Kàbà

Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ ṣeun. Ní 1986, Chapman, Page àti McCaffery kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa tata yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Áfíríkà jọ sínú àpilẹ̀kọ kan nínú Annual Review of Entomology. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa tata a tọ́ka sí àkójọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú oko tó kọ́kọ́ rí nǹkan wọ̀nyí ni a kì í sì í dárúkọ mọ́. Kò sí ohun tó burú nínú àkójọ náà, mo fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí bá wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn wọ inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tò sí ìparí rẹ̀, kì í ṣe lórí Google Scholar nìkan.

Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí ìwé, mo sì ti pín in fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà wá sí ìpàdé ka èsì Bàbá wa ní Kàbà lẹ́ẹ̀mejì, òun gan-an ni ó sì dá a lábàá pé kí a tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ó kọ̀wé sí àwọn méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yan iṣẹ́ mẹ́rin tó gbà pé ó dára jù nínú tirẹ̀, kí ó ṣàlàyé ní ojú ewé kan ṣoṣo ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kí ó tó ṣe é, ipa tí òun fúnra rẹ̀ kó nínú rẹ̀, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. A ó fi ti oníṣègùn ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, a ó fi ti obìnrin náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, kí wọ́n kà á kí wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀. Ìyá yìí kọ àpilẹ̀kọ kan tàbí méjì, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, sínú jọ́nà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ń wá wọn. Bí olùtọ́jú ìwé bá lè bá wa wo pẹpẹ àwọn jọ́nà àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà, tí àbúrò wa ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ náà sì bá wa wo ti Zaria, mo ti fi àkọlé àwọn àpilẹ̀kọ náà àti ọdún wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀yin méjèèjì ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa, a ó sì fẹ́ kí ẹ̀dà wọn ti dé ọwọ́ wa kí ó tó di ọjọ́ náà.